Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi àti Òfin Ìlera Tí Wọ́n Fẹ́ Wọ́gi Lé

Bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni mo ń kọ sílẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ iṣẹ́. Iṣẹ́ ni o. Òun ni mo ṣe láti ìgbà tí irun orí mi dúdú kirikiri títí ó fi funfun bí òwú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro ohun tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, kí ẹ fi wé èyí tó wà lọ́kàn yín. Mi ò ní ṣe é bí oyin fún yín, mi ò sì ní ṣe é bí ewúro. Èmi alára ò tí ì mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ro oko kòkó, ìyá mi ń yan gàrí. Nígbà tí mo jáde ilé ìwé girama, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Fálúyì, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé nítòsí ọjà. Ó ń kọ́ni ní táípù, ó sì ń kọ́ni ní ṣọ́tíháǹdì, ìyẹn ìkọ̀wé àwọn tó ń bá ẹnu sáré: ìlà tín-ín-rín kan, àmì róbótó kan, odidi gbólóhùn ti wọ inú rẹ̀.

Mi ò tí ì rí ẹni tó le tó ọkùnrin yẹn. Kò sí rọ́bà ìpawérẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè pa nǹkan rẹ́ kò ní fetí sílẹ̀. Bí ó bá ń pe ọ̀rọ̀ fún wa kọ, á bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, á ṣí i sí Yorùbá, á parí rẹ̀ ní èdè Ìkẹ́rẹ́ tó jinlẹ̀. Ẹni tó bá gbójú sókè pẹ́nrẹ́n, rúlà onígi ti dé eékanná rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń jà ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sóòrùn. Dípò kí Bàbá lọ là wọ́n, ó kó gbogbo àwa ọmọṣẹ́ lọ síbẹ̀ pé ká máa kọ ọ́. Àwọn méjèèjì ò tilẹ̀ rí wa. Láàárín ìjà náà, àbúrò rẹ̀ yìí sọ pé kò sí àgbà nínú ilé náà, àfi ọkùnrin kan tí pẹ́ńsùlù ti jẹ lọ́pọlọ. Mo fo ibẹ̀. Nígbà tí Bàbá Fálúyì ka iṣẹ́ mi tán, ó yọ gíláàsì rẹ̀.

"Níbo ni èébú mi wà?"

Mo ní mi ò fẹ́ kó dun Bàbá ni.

"Ṣé ìwọ lo bú mi ni? Bí o bá yọ èébú mi kúrò lónìí, lọ́la wàá yọ ẹ̀bẹ̀ ẹlòmíì kúrò. Lọ kọ ọ́ wá."

Mo lọ kọ ọ́ wá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ṣẹ́ náà, pẹ̀lú ẹkún àti ọwọ́ wíwú. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Kóòtù ìbílẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bẹ̀rẹ̀ ní Adó, wọ́n ń wá àwọn tó lè kọ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, mo lọ, wọ́n mú mi. Ẹ má bi mí ní owó oṣù. Ó ń wá, ó sì ń pẹ́. Ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ sí Adó ni mo ń wọ̀ láràárọ̀, àwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà yẹn mọ̀ mí débi pé wọ́n ń fi àyè iwájú sílẹ̀ dè mí.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Pẹ́ńsùlù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo bá níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bí mẹ́ta bá ń ké nínú yàrá kan, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ara yín. Lẹ́yìn náà ni rẹ́kọ́dà oníkásẹ́ẹ̀tì dé, tí a ó máa yí i padà, tí a ó máa tún un gbọ́, títí kásẹ́ẹ̀tì á fi já. Kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e. Kí n tó kúrò, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọnọrébù kan láti apá ọ̀dọ̀ wa dìde, ó sọ̀rọ̀ nípa uṣu, bí a ṣe ń pe iṣu lọ́dọ̀ wa, tó ń jẹrà lóko nítorí ọ̀nà tí kò dára. Ẹ̀rọ náà gbọ́ "uṣu", ó rò pé orúkọ èèyàn ni, ó sì kọ ọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Uṣu ń jẹrà lóko. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi ò kọ́ ṣọ́tíháǹdì mọ́. Èmi ò fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀.

Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe ọwọ́, ẹnu ni. Akọ̀wé Ilé kò gbọdọ̀ ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Kò gbọdọ̀ mi orí, kò gbọdọ̀ pòṣé. Èyí nira fún mi ju fún ẹlòmíì lọ, nítorí pé ọkọ mi, Bàbá Ṣeun, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi gbogbo ara ṣe òṣèlú ni. Iyàrá àlejò wa ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa ti ń ṣèpàdé. Bí wọ́n bá ti ń jókòó, èmi á gba ilé ìdáná lọ.

Nígbà tí ìfẹ̀yìntì mi kù díẹ̀, ẹgbẹ́ tó wà nípò nígbà náà, tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ mi, ṣe òfin ìlera tuntun. Olúkúlùkù á máa dá owó díẹ̀, ìjọba á fi tiẹ̀ kún un, ẹni tó bá ní káàdì á wọ ilé ìwòsàn láì kọ́kọ́ san nǹkan kan. Káàdì yìí ò tí ì pẹ́ lápò àwọn èèyàn tí ìbò fi dé, ẹgbẹ́ ọkọ mi ló sì ní ìjókòó tó pọ̀ jù nínú Ilé. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní àwọn máa ṣe ni pé àwọn á wọ́gi lé òfin náà.

Ẹ̀yin ọmọ, mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ọnọrébù kan láti àwọn abúlé kòkó ní àwọn èèyàn òun ń dáwó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, oògùn orí fífọ́ nìkan ni wọ́n ń bá, nọ́ọ̀sì kì í sì í wá àfi lọ́jọ́ ọjà. Òótọ́ ló sọ. Èkejì dìde, ó ní obìnrin kan ní ọ̀nà Èmùré rọbí títí ọmọ fi há, káàdì yẹn ni wọ́n wò tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un lójú ẹsẹ̀, ìyá àti ọmọ sì wà láàyè. Òótọ́ ni òun náà sọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi tí mo gbọ́ ti ẹni méjèèjì, mi ò gbọdọ̀ dájọ́. Mo ń gbé e délé, ó ń rìn kiri nínú mi bí èèrà.

Nílé ńkọ́? Bàbá Ṣeun ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà. Egbò kan yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, kò jinná bọ̀rọ̀. Káàdì yìí náà ló ń mú lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkẹ́rẹ́, tí Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ ń wẹ egbò náà, tó ń dì í fún un, egbò sì ti ń kún bọ̀. Bí ó bá ti délé, á gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, á máa bú òfin náà.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, káàdì tí ẹ mú lọ láàárọ̀ yìí, ṣé òfin wo lẹ rò pé ó bí i?

"Wọ́n yọ ọ́ lára owó ìfẹ̀yìntì mi láì bi mí," ló dá mi lóhùn. "Nọ́ọ̀sì ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ní kí ẹgbẹ́ wọn kú iṣẹ́."

Kì í ṣe òmùgọ̀. Wọn ò bi àwọn tíṣà àgbà yẹn léèrè lóòótọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan owó wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro fún mi láti bínú sí i.

Ọjọ́ tí wọ́n máa dìbò lórí àbá ìwọ́gilé yẹn dé. Èrò kún àyè àwọn ará ìlú débi pé àwọn kan ń jókòó lórí àtẹ̀gùn. Aṣíwájú àwọn tó ṣe òfin náà dìde, ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Aṣíwájú ẹgbẹ́ kejì dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ orí kọ́ nìyí, egbò tó kẹ̀ ni, ẹ̀yin lẹ sì fi ewé bò ó. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lu ara wọn. Abẹnugan ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn pariwo, kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn náà pariwo. Mo fi Ọlọ́run búra, ohùn méjèèjì dọ́gba létí mi. Ṣùgbọ́n Abẹnugan lu tábìlì pé àwọn tó fẹ́ wọ́gi lé e ló borí.

Ẹnìkan fò mọ́ ọ̀pá àṣẹ. Ẹlòmíì di í mú láṣọ. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti fa wáyà gbohùngbohùn já, kọ̀ǹpútà wa ti wà nílẹ̀, wọ́n ń tẹ rẹ́kọ́dà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ ìkarawun ìgbín. Àwọn ọmọ abẹ́ mi sá jáde. Èmi fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń kọ. Àga kan fò wá bà mí léjìká, mo yí ìwé sí orúnkún, mo ń kọ. Ẹ̀rù bà mí o. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n ṣe ju ohun tí ọkàn mi lè dá dúró lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, nítorí pé ìwé mi nìkan ló kù. Ìyá ọnọrébù kan tilẹ̀ gbé iṣu àti epo wá sílé wa, ó ní kí n bá òun bo ọmọ òun láṣìírí, kí n má jẹ́ kó wà nínú ìwé pé ọmọ náà ló kọ́kọ́ ju àga. Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa, mo sì bá a gbé ẹrù rẹ̀ padà dé ibi tó ti wọkọ̀.

Ariwo ọ̀rọ̀ náà pọ̀ débi pé Ilé ò lè dúró lórí ìdájọ́ Abẹnugan mọ́. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ kan lọ gbọ́ tẹnu àwọn ará ìlú ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, kí ètò ìlera náà sì dúró ná títí wọ́n á fi dé. "Kó dúró ná." Àmì kékeré kan ni ìyẹn nínú ṣọ́tíháǹdì, kò gba èémí kan. Mo kọ ọ́, mo ṣí ewé.

Ní Ìkẹ́rẹ́, ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ni pé Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ àwọn tó mú káàdì wá pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ó ní bí òun bá fọwọ́ kan wọn, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Mo sọ fún Bàbá Ṣeun pé kí a sanwó, ká lọ síbòmíì. Ó kọ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, ẹgbẹ́ àwọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, òun ò ní jẹ́ kí àwọn alátakò rí òun níbi tí òun ti ń sáré kiri. Èmi ni mo wá ń fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ egbò náà. Mo ń fi ọwọ́ tó ń kọ̀wé di bándéèjì. Láìpẹ́, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tí àwa méjèèjì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá ní Adó, dókítà ní ẹsẹ̀ náà kò ṣeé gbà là mọ́. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Nígbà tó jí, kò sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú kankan. Ó wo aṣọ ìbora níbi tó ti wọlẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó ní, "Bàtà ọ̀tún mi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀." Mo gbé e jáde, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́, mi ò mọ ẹni tí mo máa bínú sí. Mi ò tí ì mọ̀ ọ́n dáadáa títí dòní.

Ìgbìmọ̀ dé Ìkẹ́rẹ́. Akọ̀wé Àgbà Ilé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi, òun lè rán ẹlòmíì lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ. Gbọ̀ngàn kún. Bàbá arúgbó kan láti Ògòtún sọ pé ulé ùwòsàn tiwọn kò ní òrùlé, kí ni àwọn fẹ́ fi káàdì ṣe. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ní bí wọ́n bá ya òfin náà, kí wọ́n kọ́kọ́ wá gba ọmọ ẹ̀yìn òun yìí, tí káàdì gbà là, padà. Lẹ́yìn náà ni alága wọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ ọkọ mi dìde, ó ní àwọn mú ẹlẹ́rìí wá, kí ayé wá wo ohun tí òfin burúkú náà fojú àgbà rí. Mo gbójú sókè. Bàbá Ṣeun ni. Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Ó ń fi ọ̀pá méjì tì bọ̀ láàárín àga, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo fi pẹ́ńsùlù kan ìwé. Ohun tó sọ rèé, bí mo ṣe kọ ọ́:

"Adéwùmí ni mí, tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ wọ́gi lé òfin yìí ni mí, mi ò tí ì kúrò níbẹ̀. Òfin náà ní àbùkù. Wọ́n mú owó wa láì bi wá, oògùn kò sì tó. Ẹni tó bá ní kò ní àbùkù, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí káàdì ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ méjì ni mo fi ń rìn wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ̀yin ará mi lẹ dá a dúró kí àwọn tọ̀hún lè mọ̀ pé agbára ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Èmi náà bá yín pàtẹ́wọ́. Ẹ tún un ṣe. Ẹ má ya á."

Alága wọ́ọ̀dù wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan dìde lẹ́yìn, ó nawọ́ sí mi, ó ní ìyàwó rẹ̀ tó jókòó níbẹ̀ yẹn, tó ń jẹun Ilé Ìgbìmọ̀, ló kọ́ ọ ní ohun tó sọ. Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní èsì lẹ́nu, ó gbóná bí omi ẹ̀kọ. Kàkà kí n sọ ọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà sílẹ̀, mo kọ "ìyàwó rẹ̀ tó jókòó níbẹ̀ yẹn", mo fi àmì ìdánudúró sí i. Omi kán sórí ìwé. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, mo sì dúró de ẹni tó kàn.

Nígbà tí Ilé padà jókòó, àwọn díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọkọ mi kọjá sí òdìkejì, wọn ò wọ́gi lé òfin náà. Wọ́n tún ibì kan ṣe nínú rẹ̀, ó di dandan pé kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó yọ owó wọn. Káàdì padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oògùn ń wá, oògùn ń tán. Òfin náà ò kú, kò sì yè tán.

Ní ilé wa, àwọn ará wọ́ọ̀dù wá kó bẹ́ǹṣì ìpàdé wọn lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n kí wa dáadáa kí wọ́n tó gbé e. Bàbá Ṣeun ní ó dára bẹ́ẹ̀, iyàrá àlejò á gba atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìpàdé bá pé, á wọ agbádá, á jókòó síwájú ilé, á máa wo ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń yà. Mo máa ń gbé àga lọ síbẹ̀, a ó jọ máa wo ọ̀nà náà.

Mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún mi ní aago ara ògiri, wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa nípa mi. Èmi ò kọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣe mí bí ẹni tó wà níhòòhò. Láti ìgbà náà mi ò lè jókòó pẹ́. Bí wọ́n bá ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìka mi á máa rìn lórí itan.

Ìbò mìíràn ti wá, ó ti lọ. Àwọn tó ṣe òfin náà lákọ̀ọ́kọ́ ti padà dé, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ wọ́gi lé e báyìí, nítorí pé àtúnṣe tí àwọn tọ̀hún ṣe sí i ti sọ ọ́ di tiwọn. Àwọn tó fẹ́ ya á nígbà yẹn ló wá ń pariwo pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹnu ló yàtọ̀.

Wọ́n tún pe ìpàdé ará ìlú sí gbọ̀ngàn kan náà. Bàbá Ṣeun ní ẹsẹ̀ òun ò gbé òun débẹ̀ mọ́, kí n lọ. Mo ní kí ni mo máa sọ. Ó ní, "Èmi ti sọ tèmi. Ìwọ náà lọ sọ tìẹ. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Mo lọ, mo jókòó láàárín àwọn ará ìlú. Ọmọbìnrin kan ló ń kọ̀wé níwájú, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tó kàn mí, ó bi mí ní orúkọ àti ẹgbẹ́ tí mo dúró fún. Mo ní Ọlábísí Adéwùmí ni mí, ara mi ni mo dúró fún. Wọ́n gbé gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo la ẹnu. Ohun tó ti wà nínú mi láti ìgbà pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà jáde, egbò, káàdì, bàtà, bẹ́ǹṣì, ọnọrébù ìhà ìhín àti ìhà ọ̀hún, mi ò mí, mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ sókè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ rọra. Mò ń kọ ọ́."

Mo mí kanlẹ̀. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.